Nọ́ńbà ojú nọ́ọ̀bù kọ́ ni ooru inú ófùnù

Tí ìdí kéèkì bá jó tí àárín rẹ̀ ò sì tíì jinná, ohun tí a kọ́kọ́ ń bá wí ní Ìbàdàn ni báàkìn páódà. Lẹ́yìn báàkìn páódà, ó kan ẹyin. Lẹ́yìn ẹyin, ó kan ẹni tó po ó. Ìgbà tó bá tún ṣẹlẹ̀ ni a tó ń yíjú sí ófùnù, a ó wá ránṣẹ́ pe ẹni tó ń tún kúkà ṣe. Òun náà á dé, á yí nọ́ọ̀bù síwá sẹ́yìn, á ní, "Mọ́mì, tẹ́mósítáàtì yín ló ti lọ." Nígbà mìíràn òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, nínú gbogbo ohun tó ń da ooru ófùnù rú, tẹ́mósítáàtì, ìyẹn ohun tó ń díwọ̀n ooru, ni wọ́n ń fẹ̀sùn kàn jù, òun kọ́ ló sì ń jẹ̀bi jù. Kúkà mìíràn tilẹ̀ wà tí kò ní tẹ́mósítáàtì rárá láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é.

Nọ́ńbà tó wà lójú nọ́ọ̀bù, ohun tí ẹ béèrè lọ́wọ́ ófùnù ni. Ohun tó fún yín, ẹ̀yin ni ẹ máa wọ̀n ọ́n. Ẹni tí kò wọ̀n ọ́n tó sì ń ra páàtì, ìméfò ló ń fi owó rẹ̀ ṣe.

Kí a tó dórí wíwọ̀n, ẹ kọ́kọ́ mọ irú nọ́ọ̀bù tí ẹ ní. Oríṣi méjì ló wà lára kúkà gáàsì tó kún ọjà wa. Ti àkọ́kọ́, àwòrán ọwọ́ iná ńlá àti ọwọ́ iná kékeré nìkan ló wà lójú rẹ̀, bíi ti bọ́nà orí kúkà. Tápù lásán nìyẹn. Ó ń fi kún gáàsì, ó ń dín in kù, kò sì mọ bí inú ófùnù ṣe gbóná tó. Tí ẹ bá yí i sí àárín, ófùnù á máa gbóná lọ títí ooru tó ń wọlé àti èyí tó ń sá jáde á fi dọ́gba. Ó lè jẹ́ 190°C lónìí, kó jẹ́ 220°C lọ́jọ́ mìíràn tí ẹ bá pààrọ̀ régúlétọ̀. Oríṣi kejì ní nọ́ńbà 1 sí 8, tàbí kí wọ́n kọ dígírì sí i gan-an. Èyí ní ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn tó ìka ọwọ́, tí wọ́n fi kílíìpù há mọ́ ara ògiri ófùnù nínú lọ́hùn-ún, níhà òkè tàbí lẹ́yìn. Omi kan wà nínú ọ̀pá yẹn tó ń wú bí ooru bá ṣe ń pọ̀ sí i. Wíwú rẹ̀ ń gba inú páìpù tín-ín-rín lọ ti ẹnu fáàfù gáàsì pa díẹ̀díẹ̀. Tẹ́mósítáàtì gidi nìyẹn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín sínú ófùnù tó ti tutù, kí ẹ wá ọ̀pá náà. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó tẹ́mósítáàtì lọ́wọ́ yín.

Ẹ má sì ṣi irin kúkúrú tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́nà, tí ọwọ́ iná ń lá lórí, mú fún un. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti di fáàfù gáàsì mú ní ṣíṣí níwọ̀n ìgbà tí iná bá ń jó, kí gáàsì má baà máa tú sílé tí iná bá kú. Tí iná ófùnù bá ń kú gẹ́rẹ́ tí ẹ bá ti gbọ́wọ́ kúrò lórí nọ́ọ̀bù, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó ìṣẹ́jú àáyá 15 kí ẹ tó fi sílẹ̀. Tó bá ṣì ń kú, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi sáńpépà wẹ́wẹ́ nu orí irin náà, kí ẹ sì wò ó bóyá ó ṣì wà nínú ọwọ́ iná tàbí ó ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò kan ọ̀rọ̀ bí kéèkì ṣe jó.

Ó kan wíwọ̀n. Tẹ̀mómítà ófùnù olójú aago, tí wọ́n ń fi kọ́ pẹpẹ irin, ni mo fara mọ́ jù. Kò lo bátìrì, owó rẹ̀ ò sì tó ohun èlò kéèkì kan tó bàjẹ́. Ẹ gbé e sí àárín gbùngbùn, kó má fara kan ògiri. Ẹ yí nọ́ọ̀bù sí 180. Iná kékeré tó ń kú lára kúkà nígbà tí ófùnù bá kọ́kọ́ dé 180 ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ: afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló gbóná, ògiri àti pẹpẹ ò tíì gbóná. Ẹ fi 20 ìṣẹ́jú kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ máa ka tẹ̀mómítà láti ojú gíláàsì ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún fún bí 40 ìṣẹ́jú, láìṣílẹ̀kùn, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tí ẹ máa rí kò ní dúró lójú kan. Ó lè jẹ́ 168, kó gun 193, kó tún sọ̀ kalẹ̀ sí 170. Bí tẹ́mósítáàtì ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: ti iná mọ̀nàmọ́ná ń tan ó ń pa, ti gáàsì ń fi kún iná ó ń dín in kù. Kó fi bíi dígírì 10 sí 15 ga ju àárín lọ, tàbí kó fi í rẹlẹ̀ sí i, kì í ṣe àìsàn. Àárín gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ wò. Tí àárín bá súnmọ́ 180, ófùnù yín ò ṣe yín ní nǹkan kan, ẹ padà sídìí báàkìn páódà. Tí àárín bá jẹ́ 205, ẹ tún wọ̀n ọ́n ní 150 àti 200. Ó ṣe pàtàkì pé kí ẹ wọ̀n ju ibì kan lọ, torí tó bá fi 25 lé ní gbogbo ibi, nọ́ọ̀bù ló yẹ̀, àtúnṣe rẹ̀ ò le. Àmọ́ tó bá fi 5 lé ní 150, tó wá fi 40 lé ní 200, nǹkan mìíràn ló wà nídìí ọ̀rọ̀. Èyí tó burú jù ni kí gbogbo nọ́ńbà máa fún yín ní ooru kan náà, ìyẹn èyí tó ga jù tí ófùnù lè dé. Páìpù tín-ín-rín yẹn ti kán tàbí ti lu, omi inú rẹ̀ ti jò, kò sí ohun tó máa ti fáàfù pa mọ́. Ní ti ìyẹn, oníṣẹ́ tó ní tẹ́mósítáàtì ti lọ kò purọ́.

Ẹni tí kò ní tẹ̀mómítà lè fi ṣúgà wọ̀n ọ́n. Ṣúgà funfun ń yọ́ ní nǹkan bíi 186°C. Ẹ fi fóìlì ṣe abọ́ kékeré, ẹ da ṣíbí tíì kan ṣúgà oníhóró wẹ́wẹ́ sí i. Ẹ má lo ti kúùbù. Ẹ mú ófùnù gbóná dáadáa ní 175, kí ẹ gbé ṣúgà sí àárín fún ìṣẹ́jú 15. Kò gbọ́dọ̀ yọ́. Ẹ gbé e kúrò, ẹ yí nọ́ọ̀bù sí 195, ẹ jẹ́ kó gbóná dé ibẹ̀, kí ẹ gbé ṣúgà tuntun wọlé fún ìṣẹ́jú 15 mìíràn. Èyí gbọ́dọ̀ yọ́. Tó bá yọ́ ní 175, ófùnù yín gbóná ju ohun tó ń pe ara rẹ̀ lọ. Tí kò bá yọ́ ní 195, ó tutù jù. Tó bá jẹ́ etí rẹ̀ nìkan ló yọ́, ẹ má dá ẹjọ́ kankan. Lílọ sókè sódò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló fà á. Ní ti tẹ̀mómítà onírin gígùn tí wọ́n ń gún mọ́ ẹran, omi híhó ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbàdàn ga ju ìpele òkun lọ ní mítà 200 àti díẹ̀, nítorí náà 99°C ló yẹ kó kà. Ẹ má ti olójú aago bọ omi.

Àkíyèsí kan lórí nọ́ńbà kí a tó kọjá: 4 tí àwọn ìwé ìdáná Gẹ̀ẹ́sì ń kọ fún kúkà gáàsì jẹ́ 180°C, 6 jẹ́ 200, 7 jẹ́ 220. Kúkà tí wọn ò bá ṣe fún ọjà àwọn Gẹ̀ẹ́sì lè ní 1 sí 8 kó má sì bá èyí mu rárá. Ìwé tó bá kúkà wá ni kí ẹ gbà gbọ́. 350 tí àwọn ará Amẹ́ríkà sì ń kọ, Fahrenheit ni; 177°C ni tiwa.

Wàyí o, ká ní ẹ ti wọ̀n ọ́n, kò sì gbóná tó. Tó bá jẹ́ ti gáàsì, ẹ wo ọwọ́ iná kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Búlúù ló yẹ kó jẹ́, kó sì ga dọ́gba yíká bọ́nà. Ẹ pa gbogbo bọ́nà orí kúkà. Tí ọwọ́ iná ófùnù bá ga sí i lẹ́yìn tí ẹ pa wọ́n, gáàsì tó ń dé inú kúkà ni kò tó. Ẹ wo ẹ̀yìn kúkà bóyá wọ́n ti fi ògiri tẹ họ́ọ̀sì ká. Ẹ wo sìlíńdà pẹ̀lú: wọ́n tẹ ìwọ̀n òfìfo rẹ̀ sí ara irin, tí ẹ bá gbé e sórí òṣùwọ̀n tí ẹ yọ ìyẹn kúrò, ẹ máa mọ iye gáàsì tó kù. Nígbà tí gáàsì olómi bá kù díẹ̀ nísàlẹ̀ tí bọ́nà mẹ́rin àti ófùnù sì ń fà á pọ̀, sìlíńdà á tutù, á máa làágùn, agbára gáàsì á sì wálẹ̀, torí láti ara omi yẹn àti irin sìlíńdà ni ooru tó ń sọ ọ́ di afẹ́fẹ́ ti ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe kéèkì ìgbéyàwó, kó má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìdí sìlíńdà.

Régúlétọ̀ kúkà ilé máa ń jẹ́ ti agbára kékeré, nǹkan bíi 28 sí 30 millibar. Ẹ máa rí i kà lára rẹ̀. Àwọn kan ń lo ti àwọn tó ń se oúnjẹ òde, èyí tó ń yí, kí iná lè yára. Ó léwu. Ọwọ́ iná á máa fò kúrò lórí bọ́nà, ìdí kéèkì á sì jó kí orí rẹ̀ tó gbẹ.

Tí ọwọ́ iná bá kéré lápá kan tó ga lápá kejì, ihò bọ́nà tàbí jẹ́ẹ̀tì ló dí: òróró, eruku, okùn aláǹtakùn. Ẹ ti ẹnu sìlíńdà pa. Ẹ tú súkúrù pẹpẹ ìsàlẹ̀ ófùnù, ẹ gbé bọ́nà jáde. Jẹ́ẹ̀tì ni ìdè bàbà kékeré tó lu lórí, tí bọ́nà jókòó lé. Sípánà 7 ló máa ń tú u, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń gba 8 tàbí 10. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná àti ọṣẹ, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn gba inú rẹ̀. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tàbí ìṣó gún un. Àwọn tó ń tún kúkà ṣe fẹ́ràn èyí, ó sì ń bí mi nínú. Ihò tó jẹ́ 0.70 mílímítà, tí abẹ́rẹ́ bá sọ ọ́ di 0.80, gáàsì tó ń gba ibẹ̀ á fi nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 lé. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ófùnù á máa gbóná jù, ẹ ò sì ní mọ ohun tó fà á.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe kúkà tòkunbọ̀ tó wá láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Gáàsì inú páìpù àdúgbò ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ihò jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì tóbi ju ti gáàsì sìlíńdà lọ. Tí ẹ bá so ó mọ́ sìlíńdà láìpààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ iná á ga, á pọ́n yẹ́lò, á máa sọ ìdí ìkòkò di dúdú, orí míìtì páì náà á sì gbà nínú rẹ̀. Ẹ ṣílẹ̀kùn àti fèrèsé tí ẹ bá rí irú iná bẹ́ẹ̀, ẹ pa á, ẹ má lò ó mọ́ títí wọ́n á fi bá yín fi jẹ́ẹ̀tì gáàsì sìlíńdà sí i. Wọ́n máa ń tẹ nọ́ńbà sí ara jẹ́ẹ̀tì: 70 túmọ̀ sí 0.70 mílímítà.

Ìṣòro òdìkejì ni kí ófùnù má fẹ́ rẹlẹ̀. Ẹ yí i sí èyí tó kéré jù, síbẹ̀ tẹ̀mómítà ń ka 200. Tẹ́mósítáàtì gáàsì kì í pa iná tán. Ó máa ń fi ọwọ́ iná kékeré kan sílẹ̀ tó ń gba ojú ọ̀nà mìíràn, súkúrù tíńtín kan ló sì ń díwọ̀n ojú ọ̀nà náà, lẹ́yìn nọ́ọ̀bù. Nínú ọ̀pọ̀ kúkà tó ń lo gáàsì sìlíńdà, ńṣe ni wọ́n ń dì í dé òpin. Tó bá wà ní ṣíṣí, ẹ̀yin ò ní lè ṣe kéèkì èso tó ń fẹ́ 150°C. Ẹ jẹ́ kí ófùnù gbóná fún ìṣẹ́jú 15 lórí iná ńlá, ẹ yí i wálẹ̀ sí kékeré, kí ẹ wo ọwọ́ iná: kó kéré, ṣùgbọ́n kó má kú tí ẹ bá ti ilẹ̀kùn ófùnù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Kí n tó kúrò lórí gáàsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé tẹ́ fóìlì sí ilẹ̀ ófùnù. Mo mọ̀ pé nítorí òróró ni. Àwọn ihò tó wà níbẹ̀ ni ooru ń gbà gòkè, àwọn mìíràn sì ni iná fi ń mí; tí ẹ bá dí wọn, iná á pọ́n, ooru á sì kóra jọ sí ìdí.

Ti iná mọ̀nàmọ́ná, ọ̀tọ̀ ni ẹjọ́ tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni Ìbàdàn ti ń fojú ẹni rí nǹkan. Iná 230 fóòtì (volt) ni wọ́n ṣe ófùnù fún. Tí iná àdúgbò bá wá jẹ́ 180, ófùnù 2,000 wáàtì á di nǹkan bíi 1,225. Tó bá já sí 160, kò ní tó 1,000. Ooru ń dín kù ju bí fóòtì ṣe dín kù lọ, torí bí fóòtì bá wálẹ̀, kọ́rẹ́ǹtì tó ń gba inú ẹ́límẹ́ǹtì, irin tó ń mú ófùnù gbóná, náà ń bá a wálẹ̀. Irú ófùnù bẹ́ẹ̀ lè má dé 180°C láéláé, tẹ́mósítáàtì rẹ̀ ò sì ní pa rárá, kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Ẹ fi mítà wọn sọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tí ófùnù bá wà lórí iná, ẹ má wọ̀n ọ́n nígbà tó wà ní pípa. Tó bá jẹ́ 215 kí ẹ tó tan án tó wá já sí 195 nígbà tí ẹ tan án, wáyà ilé yín ló tẹ́ẹ́rẹ́ jù tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì ti dẹ̀. Ẹ wo bóyá púlọ́ọ̀gì ń gbóná tàbí ó ń yọ́. Ófùnù 2,000 wáàtì ń fa nǹkan bí 9 áńpì. Kò gbọ́dọ̀ sí lórí ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n tí tẹlifíṣọ̀n àti fáànù jọ ń lò. Sítábíláísà fíríjì ò lè gbé e. Ó gba 3 kVA, kó sì tún ṣẹ́kù. Èyí tí kò náni lówó ni kí a dúró di alẹ́ tó lọ jìnnà, nígbà tí àwọn ará àdúgbò bá ti pa pọ́ńpù omi àti áyọ́ọ̀nù.

Tí iná bá lọ láàárín kéèkì, ẹ má ṣílẹ̀kùn. Ófùnù tó gbóná tẹ́lẹ̀ á ṣì máa se é lọ díẹ̀. Tí ẹ bá ń wá jẹnẹrétọ̀, ẹ rántí pé 2.5 kVA àti ófùnù 2,000 wáàtì ò bá fíríjì gbé.

Tí orí bá jó tí ìdí sì funfun, tàbí tí ó bá jẹ́ òdìkejì, ẹ́límẹ́ǹtì kan ló ti kú. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ yọ wáyà ẹnu ẹ́límẹ́ǹtì kan, kí ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n lórí óòmù. Ti 2,000 wáàtì ń ka nǹkan bíi 26, ti 1,200 ń ka 44, ti 800 ń ka 66. Èyí tí mítà ò bá ka ohunkóhun fún ti já. Ẹ tún wọn láti ẹnu ẹ́límẹ́ǹtì sí ara irin ófùnù. Tó bá ka nǹkan kékeré níbẹ̀, ó ń gbé iná sára, ẹ pa á tì. Ófùnù onídíjítà kò ní ọ̀pá olómi. Sẹ́ńsọ̀ ló ní, èyí tí wọ́n ń pè ní PT1000 nínú ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń ka 1,100 óòmù àti díẹ̀ nínú ooru ilé wa. Irú ófùnù yìí sábà máa ń ní ibi tí ẹ ti lè fi dígírì mélòó kan kún un tàbí yọ kúrò. Ìwé rẹ̀ ló máa sọ bọ́tìnnì tí ẹ máa tẹ̀.

Nínú ófùnù kékeré orí tábìlì, ẹ wò ó bóyá ọ̀pá tẹ́mósítáàtì ti já kúrò lára kílíìpù rẹ̀. Tó bá sún mọ́ ẹ́límẹ́ǹtì, á rò pé gbogbo ilé ti gbóná, á pa iná ṣáájú àsìkò. Tí òróró bá ti dì mọ́ ọn lára, á máa pẹ́ kó tó mọ ooru, lílọ sókè sódò á wá di dígírì 30, 40. Omi ọṣẹ àti aṣọ rírọ̀ ni kí ẹ fi nù ún, ẹ má tẹ páìpù rẹ̀ ká.

Ilẹ̀kùn ò gba àròyé púpọ̀. Ẹ fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ há ẹnu rẹ̀, ẹ ti í, ẹ fà á. Tó bá yọ wẹ́rẹ́, ooru ń gba ibẹ̀ jáde. Rọ́bà ẹnu rẹ̀ ti yigbì tàbí ìdè rẹ̀ ti rọ̀. Ẹ ṣe é yíká ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Tí nọ́ńbà bá péye tí oúnjẹ ò sì jinná dọ́gba, ẹ ra búrẹ́dì sílááìsì. Ẹ tò ó kún pẹpẹ àárín, ẹ fi sínú ófùnù 180 tó ti gbóná dáadáa, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò láti ìṣẹ́jú 8. Ibi tó bá kọ́kọ́ pọ́n ni ooru pọ̀ sí. Ẹ yàwòrán rẹ̀ pẹ̀lú fóònù. Nínú ófùnù gáàsì, igun ẹ̀yìn ló sábà máa ń ṣáájú. Ẹ̀yin á máa yí páànù padà ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àkókò, kì í ṣe ṣáájú ìyẹn, torí kéèkì tí àárín rẹ̀ ò tíì dúró á rì. Ẹ fi àlàfo bí ìka méjì sílẹ̀ láàárín tíréè àti ògiri. Páànù dúdú ń gba ooru ju èyí tó ń dán lọ, ẹ fi dígírì 10 sí 15 dín in. Ìdí tó ń jó nígbà gbogbo? Ẹ gbé e gòkè pẹpẹ kan, kí ẹ fi tíréè òfìfo sí pẹpẹ ìsàlẹ̀ láti dínà ojú iná.

Tó bá wá di dandan kí ẹ ra tẹ́mósítáàtì, ẹ tú ti àtijọ́ kí ẹ mú un dání lọ sí Dùgbẹ̀ tàbí Ògùnpa, ẹ má fi ẹnu júwe rẹ̀. Ẹ fi wé tuntun: dígírì tó kà dé, gígùn páìpù, bí ọ̀pá ṣe nípọn tó, bí ìdí nọ́ọ̀bù ṣe rí, àti áńpì tó bá jẹ́ ti iná, 16 ló sábà máa ń jẹ́. Ti fíríjì náà ní páìpù tín-ín-rín, ó sì fara jọ ọ́ débi pé ẹni tó ń kánjú lè tà á fún yín. Tó bá jẹ́ ti gáàsì ni ẹ pààrọ̀, ẹ fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé tí wọ́n tú, ẹ ṣí sìlíńdà, kí ẹ máa wo ìfófòó. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi ìṣáná yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ní kó máa lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ tún gbé tẹ̀mómítà sí àárín, ní 150, 180 àti 200, kí ẹ tó sanwó iṣẹ́. Ohun tó bá kà, ẹ kọ ọ́ sórí páálí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ fíríjì: ibi tí a yí i sí lápá òsì, ohun tó fún wa lápá ọ̀tún.